Fọ́lúùmù lórí sáfà ìpamọ́: ìlérí tí a gbọ́dọ̀ lè san

Ẹ kú ìjókòó o. Mo júbà ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, mo sì kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín lọ́wọ́ wá. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń dá virtual volume sílẹ̀ lórí sáfà ìpamọ́ tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n sì ti sọ fún mi pé ọ́fíìsì kékeré ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń bójú tó: ilé ìtẹ̀wé, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn aládàáni, àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó. Ìwọ̀n yẹn náà ni màá bá ọ̀rọ̀ mi dé. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ńlá níbí, kó ní sùúrù fún wa.

Ẹni tó bá ti lo NAS rí, ìyẹn sáfà ìpamọ́ orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ì báà jẹ́ Synology, ì báà jẹ́ QNAP, tàbí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n fi TrueNAS sí, ó ti mọ fódà àjọlò. Ẹ ṣí fódà náà láti orí Windows, ẹ kó fáìlì sí i. Sáfà mọ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, ó mọ ẹni tó ni ín, òun ló sì ń pinnu ẹni tó lè ṣí i. Fọ́lúùmù tí à ń sọ yìí yàtọ̀. Dísìkì òfìfo ni sáfà ń gbé kalẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà yẹn ló máa pín in, òun ló máa fọ́ọ̀mátì rẹ̀ sí NTFS tàbí ext4 (ọ̀nà tí Windows àti Linux ń gbà to fáìlì sórí dísìkì), òun ló máa kó fáìlì sínú rẹ̀. Sáfà fúnra rẹ̀ kò mọ fáìlì kankan níbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù lásán, ìyẹn ègé dátà kéékèèké, ló ń rí: wọ́n ní kó kọ eléyìí, ó kọ ọ́, wọ́n ní kó ka tọ̀hún, ó kà á.

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi òní ti wá. Nítorí pé sáfà kò mọ ohun tó wà nínú fọ́lúùmù, ìwọ̀n tí ẹ kọ sí i nígbà tí ẹ ń dá a sílẹ̀ kò ju ìlérí lọ. Ẹ lè sọ fún Windows pé TB 2 wà níbẹ̀, Windows á gbà yín gbọ́, kò ní yẹ ẹ́ wò. Ìṣòro tí mo máa ń bá pàdé ní ọ́fíìsì kì í sábà jẹ́ pé wọn kò mọ ibi tí wọ́n máa tẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìlérí tí wọ́n ti ṣe kọjá ohun tí wọ́n ní, kò sì sẹ́ni tó ń ṣírò ni.

Ọ̀nà tí búlọ́ọ̀kù ń gbà rìn láti sáfà dé kọ̀ǹpútà ni iSCSI. Kó tó dé, ẹni tó bá fẹ́ irú nǹkan báyìí á ra Fibre Channel, tó ní káàdì tirẹ̀, wáyà tirẹ̀ àti suwíìṣì tirẹ̀, owó rẹ̀ kì í sì ṣe owó ọ́fíìsì kékeré. IBM àti Cisco ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé iSCSI lórí, ó sì di ìlànà tí gbogbo ayé lè tẹ̀ lé ní oṣù kẹrin ọdún 2004, nínú ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ RFC 3720. Àṣẹ SCSI tí dísìkì ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kó sínú TCP/IP, kó lè gba orí wáyà àti suwíìṣì tó ti wà ní ọ́fíìsì yín kọjá. Pọ́ọ̀tù 3260 ló ń lò. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ráwútà ṣeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí pọ́ọ̀tù yẹn sí íntánẹ́ẹ̀tì láéláé.

Orúkọ mẹ́ta ni ẹ máa bá pàdé lójú sáfà, ẹni yòówù tó ṣe é. Sáfà ni target. Kọ̀ǹpútà tó ń wá dísìkì ni initiator. Fọ́lúùmù tí wọ́n gbé fún un ni LUN. Target àti initiator, kálukú ló ní orúkọ gígùn tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iqn. Ti TrueNAS ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: iqn.2005-10.org.freenas.ctl. Ọdún àti oṣù tó wà nínú rẹ̀ ń tọ́ka sí ìgbà tí orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì yẹn wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí orúkọ ẹni méjì má baà papọ̀. FreeNAS ni wọ́n ń pe TrueNAS tẹ́lẹ̀, ọdún 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ ti rí ìtàn rẹ̀ nínú orúkọ.

Ṣé gbogbo nǹkan ló yẹ kó wà lórí fọ́lúùmù? Rárá o. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí, torí pé àṣìlò pọ̀ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé èèyàn púpọ̀ ló fẹ́ ṣí fáìlì kan náà, lẹ́tà, fọ́tò, ìwé owó oṣù, ẹ lo fódà àjọlò. Kámẹ́rà ààbò tó ń kó fídíò jọ, tí rẹ́kọ́dà rẹ̀ bá lè kọ sí fódà, ẹ fún un ní fódà. Fọ́lúùmù wà fún kọ̀ǹpútà kan tó fẹ́ dísìkì tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan: sáfà tó ń gbé virtual machine (kọ̀ǹpútà tí sọ́fíwià dá sínú kọ̀ǹpútà), sọ́fíwià ìṣírò owó tí kì í gbà kí dátà rẹ̀ wà lórí fódà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tàbí ẹni tó ń gé fídíò tí dísìkì inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kún.

Mo sọ pé kọ̀ǹpútà kan ni. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí kọ̀ǹpútà méjì bá so mọ́ fọ́lúùmù kan náà, tó sì jẹ́ NTFS? Ẹ máa rò pé ó ṣiṣẹ́. Méjèèjì á rí dísìkì náà. Ṣùgbọ́n NTFS gbà pé òun nìkan ló wà nílé. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì nípa àyè tó ṣófo, èkejì ní tirẹ̀, ọ̀kan kò mọ̀ pé èkejì ti kọ nǹkan síbẹ̀. Èkejì á kọ fáìlì tirẹ̀ lé orí fáìlì àkọ́kọ́, kò sí ìkìlọ̀, kò sí àṣìṣe tó máa hàn lójú. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé fáìlì ti bàjẹ́. VMFS ti VMware, GFS2 àti OCFS2 ti Linux, a dìídì ṣe wọ́n kí kọ̀ǹpútà púpọ̀ lè pín dísìkì kan lò ni. NTFS lásán àti ext4 kò sí lára wọn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ṣètò target, ẹ kọ iqn kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó ni fọ́lúùmù náà sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè initiator, ẹ má fi í sílẹ̀ lófìfo. Òfìfo túmọ̀ sí pé ẹni tó bá wọlé ló ni ín.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Ká ní a ní dísìkì mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ TB 4, TrueNAS sì ni a fẹ́ lò. Àwọn tó ń ta dísìkì ń ka TB kan sí báìtì 1,000,000,000,000. Kọ̀ǹpútà ń fi 1024 ṣe ìṣírò tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí TB 4 fi máa ń hàn bíi 3.64. Ẹ má bá ọlọ́jà jà, kò rẹ́ yín jẹ.

Ọ̀pọ̀ á fẹ́ fi dísìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe RAID 5, tí dísìkì kan lè kú kí dátà má sọnù, èyí tí ZFS, ètò ìpamọ́ tí TrueNAS ń lò, ń pè ní RAIDZ1, kí àyè lè pọ̀. Fún fódà tó kún fún fídíò, ó lè dára. Fún fọ́lúùmù iSCSI, èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kéékèèké ni fọ́lúùmù ń kọ, ibi gbogbo ló sì ń kọ ọ́ sí. RAIDZ kì í yára lórí irú iṣẹ́ yẹn, ó sì tún máa ń fi àyè ṣòfò lórí búlọ́ọ̀kù kékeré. Ẹ so wọ́n ní méjì-méjì, mirror méjì, kí dísìkì kejì máa gbé ẹ̀dà ohun tó wà lórí àkọ́kọ́. Nínú TB 16 tí ẹ rà, TB 8 ló kù, kọ̀ǹpútà á sì pè é ní 7.27.

Ó tún kù. Ìmọ̀ràn tí àwọn tó ṣe TrueNAS kọ sínú ìwé ìlò wọn ni pé tí a bá ń lo iSCSI lórí ZFS, ká má jẹ́ kí ohun tó wà nínú pool, ìyẹn àpapọ̀ àyè àwọn dísìkì náà, kọjá ìdajì rẹ̀. Ìdí ni pé ZFS kì í kọ nǹkan tuntun lé orí ti àtijọ́. Ibi tuntun ló máa ń wá kọ ọ́ sí ní gbogbo ìgbà. Bí àyè bá ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ìwákiri ń pọ̀ sí i, iṣẹ́ á sì máa falẹ̀. Ìdajì 7.27 jẹ́ nǹkan bíi 3.6.

Mo rí i tí ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ra mẹ́rìndínlógún, ẹ ń lo mẹ́ta àbọ̀. Kì í ṣe òfin tí ọlọ́pàá máa torí rẹ̀ mú yín. Iṣẹ́ á ṣì máa lọ bí pool bá kún dé ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, á ṣì máa lọ ní àádọ́rin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ bá ọ̀gá rẹ̀ fún owó dísìkì láì tíì ṣe ìṣírò yìí, ó ń bọ̀ wá padà lọ bá a lọ́dún tó ń bọ̀, ojú ọ̀gá náà kò sì ní dáa.

Dídá fọ́lúùmù sílẹ̀ gan-an kò gba àkókò. Lórí TrueNAS, ẹ lọ sí ibi tí pool wà, ẹ tẹ Add Zvol (zvol ni ZFS ń pe fọ́lúùmù), ẹ kọ orúkọ, ẹ kọ ìwọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ràn àṣẹ kíkọ lè lo èyí, tank ni orúkọ pool wa:

zfs create -V 500G tank/isiro
zfs create -s -V 2T tank/fidio

Ẹ wo lẹ́tà s kékeré tó wà nínú ìkejì. Òun ni gbogbo ìyàtọ̀. Ti àkọ́kọ́, ZFS ti ya GB 500 sọ́tọ̀ fún ẹ̀ka ìṣírò owó. Ẹlòmíràn kò lè fọwọ́ kàn án, bí wọn kò tilẹ̀ tíì kọ lẹ́tà kan síbẹ̀. Thick ni wọ́n ń pè é lórí àwọn sáfà míì. Ti ìkejì, ZFS kò ya nǹkan kan sọ́tọ̀. Ó sọ fún kọ̀ǹpútà oní-fídíò pé TB 2 wà, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó bá kọ nǹkan ni àyè á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ. Thin nìyẹn, tàbí sparse.

Ẹ wo alájọ tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyálọ́jà. Ó mọ̀ pé wọn kì í wá kó owó wọn lọ́jọ́ kan náà, ó sì yá àwọn kan nínú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò burú, bó bá ń wo ìwé rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ọdún bá ku dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo wọn dé lẹ́ẹ̀kan ni yóò mọ bóyá òun lè san. Fọ́lúùmù thin nìyẹn pátápátá. Pẹ̀lú pool tó jẹ́ 7.27, ẹ lè ṣèlérí 15 fún àwọn ẹ̀ka ọ́fíìsì yín, sáfà kò ní dí yín lọ́wọ́.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí pool bá kún? Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà fídíò á máa wo Windows rẹ̀, Windows á sì máa sọ fún un pé GB 600 ṣì kù. Lójú tirẹ̀, àyè wà. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ tọ́jú fáìlì, àṣìṣe yọ. Dísìkì náà lè pòórá lójú rẹ̀. Bó bá jẹ́ Linux, ext4 lè sọ ara rẹ̀ di ohun tí a ń kà nìkan tí a kò lè kọ mọ́. Bó bá jẹ́ virtual machine, ó lè dá dúró gbọnrangandan. Kì í sì í ṣe ẹni tó kún pool nìkan ló máa jìyà. Gbogbo fọ́lúùmù thin tó wà níbẹ̀ ló máa dákú pọ̀. Ẹni tó ní thick ló máa dúró, nítorí tirẹ̀ ti wà lápò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa fi ìṣírò owó sí thick nígbà gbogbo, tí mo sì ń fi thin sí ibi tí àdánù rẹ̀ ṣeé fara dà. Ẹ tún lè ṣe ohun kan: ẹ dá àyè òfìfo kan sílẹ̀ tí ẹ kò ní lò, zfs create -o refreservation=200G tank/pamo. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá le, ẹ yọ refreservation yẹn, ẹ á rí GB 200 tí ẹ máa fi mí kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ máa ṣe.

Ọ̀rọ̀ míì wà tó ń ya èèyàn lẹ́nu. Ẹni tó ń gé fídíò pa TB 1 rẹ́, ó sì sọ fún yín pé òun ti dín in kù. Ẹ wo sáfà, kò dín. Sáfà kò rí fáìlì, ó sì dájú pé kò mọ̀ pé wọ́n ti pa á rẹ́. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ sọ fún un pé òun kò lo búlọ́ọ̀kù wọ̀nyí mọ́. Lórí Linux, fstrim ni ẹ máa fi ṣe é, kí ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Windows máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ lọ tẹ Optimize lórí dísìkì náà, kí ẹ padà wá wo sáfà bóyá nọ́ńbà sọ̀kalẹ̀.

Bí ẹ bá ti dá zvol sílẹ̀, ẹ lọ sí Block (iSCSI), Wizard á mú yín lọ́wọ́ dé òpin. Ẹ fi CHAP sí i, èyí tó jẹ́ orúkọ àti pásíwọọ̀dù. Windows fẹ́ kí pásíwọọ̀dù náà wà láàárín lẹ́tà 12 sí 16. Lórí Windows, ẹ wá iSCSI Initiator, ẹ lọ sí Discovery, ẹ kọ àdírẹ́sì sáfà. Ẹ padà sí Targets, ẹ tẹ Connect, kí ẹ sì wọ inú Advanced lọ kọ CHAP. Dísìkì tuntun á yọ nínú Disk Management. Bó bá ju TB 2 lọ, nínú ọ̀nà méjì tí Windows ń gbà pín dísìkì, ẹ yan GPT, MBR kò lè rí ohun tó kọjá ibẹ̀. Lórí Linux:

iscsiadm -m discovery -t sendtargets -p 192.168.10.5
iscsiadm -m node --login

Ẹ tẹ lsblk, ẹ á rí i. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́ sínú fstab, fáìlì tí Linux fi ń mọ dísìkì tó máa ṣí, ẹ fi _netdev kún un, kí Linux mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ dìde kí òun tó wá dísìkì yìí.

Lórí wáyà, n kò ní pẹ́. Wáyà gígábíìtì kan kò lè gbé ju MB 125 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a bá sì yọ ẹrù ọ̀nà kúrò, 110 ni ẹ máa rí. Má lo Wi-Fi. Bí ẹ bá ní wáyà méjì, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀, kí ẹ lo MPIO, tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba ọ̀nà méjèèjì dé sáfà. MTU (ìwọ̀n ẹrù tí wáyà ń gbé lẹ́ẹ̀kan) 9000 tí gbogbo èèyàn ń pariwo rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ní 1500 títí yóò fi dá yín lójú pé sáfà, suwíìṣì àti kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ló gbà á.

Iná ni ọ̀rọ̀ tiwa gan-an. Ìwé tí àwọn òyìnbó kọ kì í sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ tí ẹnìkan ń sáré lọ yí jẹnẹrétọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé UPS gbọ́dọ̀ wà lára sáfà. Ṣùgbọ́n níbo ni suwíìṣì wà? Ọ́fíìsì tí sáfà wà lórí UPS, tí kọ̀ǹpútà wà lórí ínífátà, tí suwíìṣì kékeré tó so wọ́n pọ̀ sì wà lórí iná lásán, pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Iná lọ, suwíìṣì kú. Sáfà ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́, fọ́lúùmù ti pòórá láàárín wọn. Windows máa ń dúró de dísìkì fún ìṣẹ́jú àáyá 60, open-iscsi ti Linux ń dúró fún 120. Suwíìṣì tó lọ́pọlọ máa ń pẹ́ kó tó jí, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo àkókò yẹn tán. Ẹ so suwíìṣì náà mọ́ UPS, owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ tún so wáyà USB láti UPS sí sáfà, kí ó lè mọ ìgbà tí bátìrì ń tán. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo fọ́lúùmù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ara wọn, sáfà ló kẹ́yìn. Fún fọ́lúùmù ìṣírò owó, mo máa ń fi sync=always sí i. Ó ń jẹ́ kí sáfà má dáhùn pé òun ti kọ nǹkan títí yóò fi dé orí dísìkì. Ó máa ń mú iṣẹ́ falẹ̀, ṣùgbọ́n owó oṣù kì í ṣe fídíò.

Ní ti snapshot, ìyẹn àwòrán bí fọ́lúùmù ṣe rí ní àkókò kan, ẹ lò ó, ó rọrùn, lórí thin kì í sì í gba àyè níbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣáà pè é ní ẹ̀dà ìfipamọ́. Orí dísìkì kan náà ló wà. Ẹ fi zfs send gbé e lọ sórí sáfà míì, ó dáa kí ó wà nínú ilé míì pàápàá. Ẹ rántí pé bí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣàdédé fa wáyà rẹ̀ yọ ni fọ́lúùmù inú snapshot ṣe rí. Bí ẹ bá ní database níbẹ̀, ẹ dá a dúró fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó ya á.

Mo rí ọwọ́. Ẹ̀yin bàbá tó wà lápá ọ̀tún, ẹ ní ṣé kò sàn ká kàn ra dísìkì fún oníkálukú? Nígbà míì, ó sàn bẹ́ẹ̀, bàbá. Bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló nílò àyè, SSD kan nínú rẹ̀ á yára ju wáyà gígábíìtì lọ, ẹ ó sì sùn dáadáa. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá di mẹ́ta, mẹ́rin, tí ẹ fẹ́ kí dísìkì tó kú má da iṣẹ́ ẹnikẹ́ni dúró, ni fọ́lúùmù ń pa owó yín mọ́.

Àǹtí tó wà lẹ́yìn béèrè bóyá a lè yí ìwọ̀n fọ́lúùmù padà. Ẹ lè fẹ̀ ẹ́: zfs set volsize=800G tank/isiro, kí ẹ wá lọ ṣe Extend Volume lórí Windows. Ẹ má gbìyànjú láti dín in kù. Sáfà kò mọ ibi tí fáìlì wà nínú rẹ̀, yóò kàn gé ìrù rẹ̀ ni, pẹ̀lú ohun yòówù tó bá wà níbẹ̀. Ẹ dá kékeré sílẹ̀, ẹ kó dátà lọ síbẹ̀. Ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù, volblocksize, kò tilẹ̀ ṣeé yí rárá lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá a sílẹ̀.

Bí a ó ṣe pa fọ́lúùmù rẹ́ ló kù, àbí? Ẹ kọ́kọ́ yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára rẹ̀, ẹ tẹ Disconnect, ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú Favorite Targets kí Windows má baà máa wá a nígbà gbogbo tó bá jí. Ẹ padà sí sáfà, ẹ yọ target àti extent rẹ̀ (èyí tí TrueNAS fi so zvol mọ́ target). Ìgbà yẹn ni ẹ tó dé orí zvol. Ẹ kọ zfs destroy -nv, kí orúkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Á fi ohun tó máa pa rẹ́ hàn yín láì tíì pa á. Ẹ ka orúkọ náà dáadáa. Bí ẹ bá ti yọ n kúrò, tí ẹ tẹ Enter, kì í tún béèrè mọ́.